Ilé-Arìnnà Tó Ń Wo Ara Rẹ̀ Sàn

Ilé-arìnnà Ọ̀mọ̀wé Ìbídùn kò tíì lò tó ọjọ́ kan lójú ọ̀nà tí ògiri rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìró kékeré ni, ṣùgbọ́n orí òṣùpá ni wọ́n wà, kò sì sí afẹ́fẹ́ níta. Ògiri tó bá ń súfèé níbẹ̀, ẹ̀mí onílé ló ń tú jáde.

Ilé ọ̀hún ní táyà mẹ́jọ, ibùsùn méjì, ààrò kan, àti balùwẹ̀ tí ènìyàn kò lè yíra padà nínú rẹ̀. Ògiri rẹ̀ gan-an ló sọ Ìbídùn di olókìkí. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbin awọ ààyè kan tó sọ ní awọ-ajinná, nítorí pé bí nǹkan bá ya á, á jinná fúnra rẹ̀ bí egbò. Ṣùgbọ́n awọ náà kì í rántí bó ṣe rí kó tó ya, àfi kí wọ́n rán an létí. Ìdí nìyí tí Ìbídùn fi ń bọ́ ọ ní wóró ìrántí, hóró kéékèèké tí wọ́n kó ìmọ̀ sí nínú.

Bàbá rẹ̀, Àkàngbé, ló jókòó tì í. Fọkanáísà ni bàbá yìí. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé sórí òṣùpá, òun ló lẹ táyà wọn, ó sì ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún báyìí. Òkè-Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ìrìn ọjọ́ márùn-ún, níbi tí ìyàwó Oyèlẹ́yẹ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ti bí obìnrin. Ọjọ́ ilé ayé ni wọ́n ṣì ń kà lọ́hùn-ún, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ọmọ lórúkọ. Ọwọ́ Bàbá ni orúkọ náà wà. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, kí Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ tó mí kanlẹ̀, ló sọ ọ́ sí i létí, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbọ́.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀,” ni Ìbídùn ti bẹ̀ ẹ́ títí.

“A kì í dárúkọ ọmọ kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Àbí ìwé ni ìyá rẹ bá sọ̀rọ̀ ni?”

Ó wá ń yí orúkọ náà nínú ọkàn rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kó má bàa já bọ́.

Nígbà tí ògiri súfèé, Ìbídùn sáré ṣí àpótí wóró. Òtútù ti pa gbogbo rẹ̀. “Ó ti tán, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká padà.”

“Ìwọ padà. Èmi á fẹsẹ̀ rìn ín.” Bàbá bu omi sínú abọ́, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tútù náà wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò lára ògiri, bó ṣe máa ń wá ojú ihò lára táyà.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ìbọ̀wọ́ là ń wọ̀ ká tó sún mọ́ ọn.”

“Táyà tí mi ò bá fọwọ́ kàn, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tó ti lu?”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ihò náà. Súfèé dákẹ́. Nígbà tó máa fi gbé ọwọ́ kúrò, ibẹ̀ ti dán, kò sí àpá. Ìbídùn ya ẹnu, kò lè pa á dé. Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú ìwé o. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀.”

Ó yẹ kí Ìbídùn béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Òun ló gbin awọ yìí, ó mọ̀ pé kì í jinná lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú-òṣùwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pàápàá fi hàn án pé awọ ti jẹun yó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹjọ ń sún mọ́lé, inú rẹ̀ sì ń dùn pé iṣẹ́ òun ti ju bí òun ṣe rò lọ. Bí iṣu ẹni bá sì ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni. Ó yíjú kúrò lára òṣùwọ̀n, ó sì wakọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì ìrìn wọn, òrùlé jò lókè ibùsùn. Lọ́jọ́ kẹta, páìpù omi ya, ó ń kán tó-tó sínú ẹ̀bà tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ilẹ̀kùn kò pàdé mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni Bàbá fi ọwọ́ tútù wò sàn, tí á máa bá ilé náà sọ̀rọ̀ pé, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, rọra.” Ìbídùn á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, òun náà á máa dá a padà. Ó ti pẹ́ gan-an tí tọmọ-tòbí ti rẹ́rìn-ín papọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin yẹn kan náà, Bàbá na ọwọ́. “Gbé… gbé nǹkan yẹn fún mi. Èyí tí a fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́.”

“Pọ́ǹpù, Bàbá? Ẹ ti darúgbó nìyẹn!” Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ ọmọ ni wọ́n wọ Òkè-Ìmọ́lẹ̀. Ẹbí ti pé. Wọ́n gbé ọmọ lé Bàbá lọ́wọ́, ó fi ìka kan oyin, gbogbo ojú sì ń wò ó. Bàbá la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un là.

Ìyá ìyàwó Oyèlẹ́yẹ kò lè mú un mọ́ra mọ́. “Kí la tún ń wò? Ìyá àgbà lọ, ọmọbìnrin dé. Yétúndé ni!”

“Yétúndé!” ni gbogbo ilé dáhùn.

“Rárá.” Bàbá mi orí. “Àṣàbí ní ká má pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ti rẹ òun, òun ò padà wá. Ó ní kí ọmọ náà wá fún ara rẹ̀.”

“Kí ló wá ní ká máa pè é?” Oyèlẹ́yẹ béèrè.

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. “Ó wà lẹ́nu mi nígbà tí a gbéra.”

Ìbídùn kúnlẹ̀. “Bàbá, èmi ni. Omi ọwọ́ yín ló lànà fún awọ náà. Ohun tí ẹ bá ń rò lọ́wọ́ ló ń jẹ. Mo rí i pé ó ń yó, mi ò béèrè ohun tó ń jẹ.”

“Ṣé kò lè bì í padà ni?”

“Ó ti di ògiri, Bàbá.” Ó ń sunkún bí ọmọdé. “Mà á dáná sun ilé náà.”

“Dìde. Ta ló ní kí o sun ún? Bí kò bá jẹ orúkọ yẹn, èmi àtìwọ ni ì bá kú sọ́nà. Orúkọ ni mo pàdánù, n kò pàdánù ọmọ.” Ó fi ọwọ́ tó ṣófo fà á dìde.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹjọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ ti ń ké, ẹbí ń retí, kò sì sí orúkọ mìíràn tí ẹnikẹ́ni ń gbọ́ nínú ilé náà àfi ẹyọ kan. Bàbá tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu. “Yétúndé,” ló wí, wọ́n sì hó yèè.

Nínú ariwo yẹn, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí ọmọ náà. Ìbídùn nìkan ló gbọ́ ohun tó sọ.

“Àṣàbí, má bínú. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́.”