Aṣọ Pupa Bàbá Moumouni

Kọ̀ǹpútà náà tún kú. Ìgbà kẹta rèé tí ìṣirò ń pòórá mọ́ Fadilatou lójú lọ́sàn-án Sátidé yẹn, bẹ́ẹ̀ ìdánwò BEPC tí wọ́n fi ń parí ìpele kìíní girama kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ mọ́. Ó mọ ohun tó fà á. Fírígò ńlá Ìyá Chafic tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn ògiri, bó bá sì ti ń kùn báyìí, agbára iná a dín kù nílé wọn.

Ní àdúgbò Houinmè níbẹ̀, ìdílé méjèèjì ló ń jẹ iná lára ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń ka iná. Wáyà kan kúrò lára ògiri Bàbá Moumouni, bàbá àgbà Fadilatou, ó gba orí ọ̀pá oparun, ó wọ ilé Ìyá Chafic, opó tó ń fi wàrà àti jéró ṣe dẹ̀gẹ̀ tà. Obìnrin náà ti kọ̀wé béèrè ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ń retí. Bàbá Moumouni ló so wáyà náà fún un, ta ló sì mọ̀ ọ́n so jù ú lọ? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ iná. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ri òpó láti Akron títí dé ọ̀nà Akpro-Missérété, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń tan àtùpà. Bó bá ń sọ bí àwọn arúgbó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí gílóòbù lọ́jọ́ tí iná kọ́kọ́ dé, omi a máa lé ròrò sí i lójú.

Fadilatou fẹ́ràn bàbá yìí gan-an. Síbẹ̀, ó lọ sídìí ẹ̀rọ náà, ó tú ìdè wáyà Ìyá Chafic, ó rọra fi orí wáyà sílẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà ní ipò rẹ̀. Wákàtí kan péré ni, ló sọ fún ara rẹ̀. Ìyá Chafic àti ọmọ rẹ̀ ti lọ sùn sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Akpro-Missérété. Iṣẹ́ náà wá yọrí, inú Fadilatou dùn débi pé ó sáré lọ bá Samia ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré, ó sì gbàgbé wáyà pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Ìyá Chafic dé, ike dẹ̀gẹ̀ ogójì tó ti ṣe sílẹ̀ fún ìkómọ kan ti bàjẹ́. Ó kàn jókòó sórí àpótí, ó ń wo àwọn ike náà.

Bàbá Moumouni yẹ ẹ̀rọ náà wò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní ìsopọ̀ tí òun ṣe lókè oparun ló já. Ó pa iná, ó so aṣọ pupa kan mọ́ ojú ẹ̀rọ, bí wọ́n ti ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Níbi tí aṣọ yẹn bá wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àyàfi ẹni tó so ó. Ó wá ní kí Fadilatou dúró tì í.

"Bí mo bá wà lókè, ẹ̀mí mi wà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn," ló wí.

Ó rọra gun àkàbà. Ó tú ìsopọ̀ náà, ó tún un so, ó tún tú u. Fadilatou gbọ́ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ọwọ́ mi ti gbàgbé iṣẹ́. Mo ti ba nǹkan opó jẹ́."

Ìdè tí Fadilatou tú lára ẹ̀rọ kò jìnnà sí i. Bó bá rọra dè é, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó na ọwọ́, aṣọ pupa kàn án níka, ó sì fa ọwọ́ padà.

"Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀. Kò sí nǹkan kan lókè yẹn. Èmi ni mo tú wáyà."

Bàbá Moumouni sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń bú àwọn ọwọ́ yìí," ló wí. "Fadi, lọ sọ fún un fúnra rẹ."

Fadilatou kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Chafic. Nígbà tó jẹ́wọ́ tán, obìnrin náà bi í léèrè.

"Kí ló dé tí o ò bi mí kí n tó lọ? Ǹ bá pa fírígò fún ọ ní wákàtí kan. Dẹ̀gẹ̀ tó ti tutù kì í bàjẹ́ ní wákàtí kan."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Fadilatou ju ẹgba lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi bá a ṣe dẹ̀gẹ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ìdánwò ń sáré bọ̀. Láti ìgbà náà, bí aago mẹ́ta bá ti lù, Ìyá Chafic a kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, fírígò a sì dákẹ́ fún wákàtí kan kí Fadilatou lè kàwé. Fadilatou yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí ìṣirò bì í ṣubú.

Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun Ìyá Chafic dé lóṣù Kẹsàn-án, Bàbá Moumouni ní ó tó àkókò láti tú wáyà àtijọ́ yẹn kúrò. Ó na aṣọ pupa sí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ni kí o so ó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wáyà ló ń gbé iná dé ilé, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kì í jẹ́ kó pa ẹni tó wà lókè."

Fadilatou so ó, ó sì dúró tì í títí bàbá àgbà rẹ̀ fi sọ̀kalẹ̀ láyọ̀.