Ìdáhùn Ne' Sampe

Ìtàn yìí kì í ṣe àhesọ. Ojú mi kòrókòró ló ṣe, lọ́sàn-án gangan, nínú kíláàsì mi. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ wá kọ́ ọmọ mọ́kànlélógún ní kíláàsì kẹrin lórí òkè Toraja níbí ná, ká tó jọ sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí mo fún wọn ò le. Kí kálukú fọ̀rọ̀ wá àgbà ilé rẹ̀ lẹ́nu wò, kó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, ká wá jọ gbọ́ ọ bí ètò rédíò. Pọ́díkáàsì ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́, wọ́n á máa kọ ìdáhùn àgbà náà sínú ìwé. Àwọn ọmọ tí kì í gbọ́ tèmi, wọ́n ń gbọ́ ti fóònù!

Damaris ló kàn lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé fóònù ìyá rẹ̀ fún mi.

"Ta lo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò?"

"Bàbá àgbà ni, Tíṣà."

Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí Ne' Sampe, bàbá àgbà rẹ̀ náà, ti mí èémí ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n a ò tíì sin ín, torí náà, nínú àṣà wa, aláìsàn la ṣì ń pè é. Ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń gbé kọfí tì í láràárọ̀, wọ́n ń kí i. Yunus, àkọ́bí rẹ̀, bàbá Damaris, ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó sin ín. Oko ọ̀pẹ ló lọ ṣiṣẹ́ sí ní Malaysia. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò pe ilé mọ́.

Èmi ni mo sọ pé kí wọ́n lọ bá àgbà ilé. Òun náà sì ni àgbà ilé wọn. Kí ni mo fẹ́ wí?

"Tíṣà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre," ni Yopi, aláwàdà wọn, wí. "Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Pa ẹnu ẹ dé, kó o mú bírò."

Mo tẹ̀ ẹ́. Òjò ń rọ̀ sórí páànù nínú fóònù náà. Ohùn Damaris wá tẹ̀lé e: "Bàbá àgbà, ẹ kú àárọ̀. Iṣẹ́ wo lẹ kọ́kọ́ ṣe?"

Òjò nìkan ni mo gbọ́.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ẹfọ̀n tó tì wọ́n sínú ẹrẹ̀ yẹn ni, Tíṣà!"

Ẹfọ̀n wo? N ò gbọ́ nǹkan kan. Damaris tún béèrè òmíràn, òjò tún rọ̀. Wọ́n kọ, wọ́n dúró, wọ́n gbórí sókè, wọ́n tún kọ, gbogbo wọn pọ̀, bí ìgbà tí mo bá ń pe àpèkọ fún wọn. Ẹnu yà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù ló bà mí, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ńṣe ló ṣe mí bíi kí n kúnlẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè kan. "Bàbá àgbà, ìgbà wo ni Papa máa dé?"

Òjò. Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Yopi wo Damaris, ó yára gbójú kúrò. Wọ́n kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Mo gba ìwé wọn. Ogún ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹfọ̀n, tí a ń sìn bíi màlúù níbí, ni Ne' Sampe kọ́kọ́ dà, ọ̀kan sì tì í ṣubú sínú ẹrẹ̀ lójú ọmọge tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ. Mo wo ìlà ìkẹyìn nínú ìwé kọ̀ọ̀kan: "Ó ti dé. Ẹ̀gbẹ́ mi ló wà. Ẹ má dúró dè é mọ́."

Mo ṣí ti Damaris. Ó kọ gbogbo rẹ̀ pé, àfi ìlà yẹn. Ibẹ̀ ṣófo.

Ó ti wá dúró níwájú tábìlì mi.

"Tíṣà, ẹ má bínú, òjò ò jẹ́ kí n gbọ́ ti ìkẹyìn yẹn. Kí ni Bàbá àgbà sọ?"

Ogún ọmọ ń wo ẹnu mi.