Ẹni Tó Tú Okùn Ìbàdí Rẹ̀ Fún Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ìwọ tí o di ìwé pélébé yìí mú pàápàá, bóyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ti fún ọ, bóyá o sì ti ń gbèrò láti fi nu ọwọ́, ṣe sùúrù fún mi. Ìtàn kan ni mo fẹ́ sọ, kò sì gùn. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí ojú tì títí tí kò fi mọ ibi tí yóò fi orí pamọ́ sí, tí ìtìjú náà sì di ọ̀nà ìgbàlà fún un. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí kò kàn ọ́, o lè wá fi ìwé náà nu ọwọ́.

Agbẹ́kànga ni ọkùnrin náà. Kì í ṣe agbẹ́kànga ṣákálá o. Ó ti gbẹ́ kànga fún onílé tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn kànga náà tí kò kan omi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìjìnlẹ̀. Òun náà gba orúkọ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Bí ó bá ń kọjá ládùúgbò pẹ̀lú dígà léjìká, àyà rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé, òun fúnra rẹ̀ á wá máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ló gbà pé òun ní, ìyẹn ni ọtí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé ọtí náà kò dá wà. Ìgbéraga ló fẹ́ ẹ sílé, irọ́ sì ni ọmọ tí wọ́n jọ bí.

Ó ní ẹnìkejì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n Ìjìnlẹ̀ fi ọdún mẹ́ta ṣáájú. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ti ẹnìkejì yìí, nítorí kò sí ohun tí kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń jẹun jẹ́jẹ́, kódà bí inú bá bí i, jẹ́jẹ́ náà ni. Onígbàgbọ́ ni. Kì í fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á ṣí fìlà, á gbàdúrà díẹ̀. Ìjìnlẹ̀ á sì fi ṣe ẹ̀rín rín: "Bá mi kí I o. Sọ fún Un pé ọwọ́ mi dí."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á wọ inú kànga, ẹnì kan á dúró sókè. Okùn kan ló wà láàárín wọn: ìbàdí ẹni ìsàlẹ̀ ni wọ́n so orí kan mọ́, ọwọ́ ẹni òkè ni orí kejì wà. Bí ó bá wá jẹ́ kànga àtijọ́ tí wọ́n ti dé pa fún ìgbà pípẹ́, wọn kì í kọ́kọ́ sọ èèyàn kalẹ̀. Fìtílà títàn ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá ń jó, èèyàn lè wọlé. Bí ó bá kú, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ búburú ti kún ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á kàn sùn lọ bí ọmọ ọwọ́ ni, kò sì ní jí mọ́.

Òfin kìíní nínú ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́kànga nìyẹn. Ẹni tó bá rú u, wọ́n á gba dígà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, kò sì sí onílé tí yóò tún fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì pè wọ́n kí wọ́n wá bá òun gbẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ jinlẹ̀ sí i. Odindi ọdún méjì ni wọ́n ti fi páànù dé e. Tíṣà fi ibẹ̀ hàn wọ́n, ó padà sínú ilé lọ jẹun. Ìjìnlẹ̀ ní tirẹ̀ ti gbé ọtí líle mì kó tó kúrò nílé. Bí wọ́n ṣe ṣí páànù, Jẹ́jẹ́ ṣáná sí fìtílà.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ìjìnlẹ̀ bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wò ná. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dé kànga yìí."

"Ìwọ àti ojo! Imú mi yìí ni fìtílà tèmi. Ó ti ń tàn láti ogún ọdún, kò tíì bu kẹrosíìnì rí."

"Ẹ̀gbọ́n, kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

"Gbé e kúrò lójú mi jàre!"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá fìtílà náà dànù, gíláàsì rẹ̀ fọ́ sórí òkúta. Kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n so okùn mọ́ òun. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri kànga fún ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó ń kọrin. Orin náà dé ìdajì, ó dákẹ́. Jẹ́jẹ́ gbọ́ gbì!

Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́ èsì. Ó lọgun. Àwọn bíríkìlà tó ń mọ ògiri ní ilé kejì fo odi wá. Jẹ́jẹ́ ti so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó ju orí kejì sí wọn: "Ẹ dì í mú. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fà á sókè." Ó mí kanlẹ̀, ó sé èémí, ó wọlé.

Nígbà tí wọ́n fà á sókè, Ìjìnlẹ̀ ni okùn gbé jáde, kì í ṣe Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ti tú okùn kúrò ní ìbàdí ara rẹ̀, ó sì ti so ó mọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn bọ̀ lókè. Ó dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ rọ, ó já lulẹ̀. Àwọn bíríkìlà da omi sínú kànga kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè yí, ọ̀kan nínú wọn sì so okùn mọ́ra, ó sáré wọlé lọ gbé e. Ó ṣì ń mí. Ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ ti fọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìtìjú bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìjìnlẹ̀ lajú lórí iyanrìn, ó rí tíṣà tó dúró lé e lórí.

"Ta ló ní kí ẹ wọlé láìsọ fìtílà kalẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kékeré ló yẹ kó sọ: èmi ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń gbé Jẹ́jẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì dirodiro. Ìjìnlẹ̀ wò ó, ó sì sọ pé, "Jẹ́jẹ́ ló ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi bí ẹni pé ó ti ń dúró níbẹ̀ tipẹ́.

Kí ọjọ́ kejì tó pé, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Wọ́n ń kí Ìjìnlẹ̀ kú oríire, wọ́n ń bú Jẹ́jẹ́. Ó ń dáhùn pé "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun," ara rẹ̀ sì ń bù máṣọ. Ó gbé ọtí, ọtí kọ̀ kò wọlé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá pè é, á ta gìrì bí olè.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ra ọsàn àti búrẹ́dì, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Ó dé ẹnu fèrèsé yàrá náà, ó gbọ́ ohùn alága ẹgbẹ́ nínú ilé.

"Jẹ́jẹ́, mo mọ̀ ọ́ láti kékeré. Sọ fún mi, ṣé ìwọ ló kọ̀ tí o ò sọ fìtílà kalẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ ní, "Alága, iṣẹ́ ẹni òkè ni fìtílà, èmi ni mo sì wà lókè. Ohun tí ẹgbẹ́ bá ní kí n gbà, màá gbà á."

Ìjìnlẹ̀ gbé ọsàn àti búrẹ́dì fún nọ́ọ̀sì kan, ó sá lọ. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, á ti bọ́ sí i.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe náà ni. Ó wá ẹbọ tí yóò fi pa ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ó tọ àlùfáà ìjọ Jẹ́jẹ́ lọ, ó ní òun á gbẹ́ kànga fún ìjọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n pè é síwájú, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ náà ń dún sí i bí ẹni pé wọ́n ń gbá a létí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó padà sílé ìwòsàn. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀ o, baba. Ara yín mà ti le dáadáa. Ọkọ mi ní kí n má bá yín jà. Ẹ tètè wọlé kí n tó gbàgbé."

Ó wọlé, kò lè jókòó. Ó sọ̀rọ̀ kànga ìjọ fún Jẹ́jẹ́.

"Ó dára, ẹ̀gbọ́n," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ṣé ìfẹ́ Ọlọ́run ló ń ti yín ṣe é, àbí ara ló ń ta yín?"

Ìjìnlẹ̀ tẹ orí ba.

"Jẹ́jẹ́, ṣé o mọ ohun tí mo sọ nípa rẹ?"

"Mo mọ̀. Mi ò tíì lè jókòó tí ìyàwó mi ti sọ fún mi."

"Kí ló dé tí o ò já mi? Alága jókòó síbí yìí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbé yín jáde nínú kànga kan, kí n wá tì yín sínú òmíràn?"

"Èmi tí mo gbá fìtílà dànù lọ́wọ́ rẹ. Èmi tí mo ń fi àdúrà rẹ ṣẹ̀sín. Kí lo rí lára mi?"

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó di ìbàdí mú nítorí ìrora. "Kò sí nǹkan tí mo rí lára yín, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ràn yín ni. Ẹnì kan ló sì kọ́ mi. Èmi náà wà nísàlẹ̀ rí, ẹ̀ṣẹ̀ ti kùn mí lóorun. Jésù ò dúró lókè máa pariwo pé kí n gùn bọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá. Àwọn tó wá gbà là ló ń purọ́ mọ́ Ọn, Ó dákẹ́. Wọ́n kàn Án mọ́ àgbélébùú, Ó ń tọrọ àforíjì fún wọn. Egungun lásán ló fọ́ lára mi, mo sì wà láàyè. Òun kú. Ìfẹ́ ló pa Á, Ọlọ́run sì jí I dìde. Kò béèrè kànga lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin gan-an ló ń béèrè."

Ìjìnlẹ̀ tó ń fi àyà ṣáájú ara rẹ̀ bọ́ sórí ìkúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ilé ìwòsàn. Ó sunkún bí ọmọdé. Àdúrà rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́. Ó ní, "Olúwa, èmi ni. Èmi ni mo ṣe é. Ṣàánú mi nítorí Jésù." Ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ lórí iyanrìn, ó sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ku ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n pé jọ sínú gbọ̀ngàn wọn. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ló gbé dígà ọkọ rẹ̀ wá, ó sorí kọ́. Bí alága ṣe na ọwọ́ sí i, Ìjìnlẹ̀ dìde.

"Alága, ẹ dúró. Kì í ṣe dígà yẹn lẹ máa gbà."

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Jókòó o jàre! Ṣé o tún ti mu ún dé ni?"

"Rárá. Ọjọ́ tí mo mu ún ni mo purọ́. Mi ò mu ún lónìí." Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, láti orí fìtílà dé orí okùn. Ó gbé dígà tirẹ̀ lélẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n gbà á. Àwọn kan súfèé, àwọn kan pòṣé, ó sì rìn gba àárín wọn jáde, èjìká rẹ̀ ṣófo. Ojú tì í o! Mi ò ní purọ́ fún yín pé kò tì í. Ṣùgbọ́n kò sá mọ́.

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gbé Jẹ́jẹ́ pọ̀n lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń pọn omi ilé rẹ̀. Kò fi san nǹkan kan, nítorí gbèsè náà kò ṣeé san. Ó ń ṣe é nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, òun náà sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn èèyàn.

Ìwọ tó ń kà á ńkọ́? Bóyá ìwọ kì í mutí. Bóyá o tilẹ̀ ń gbààwẹ̀, o ń fi ọrẹ fún ìjọ, orúkọ rẹ sì wà lára àga tí o fi ta wọ́n lọ́rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, kí lo ń fi ẹbọ rẹ bò? Ta ni ó ń ru ẹ̀bi rẹ lọ́wọ́ báyìí, tí ìwọ sì ń gba ìkíni? Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n, Ó ṣì fẹ́ràn rẹ, Ó sì ti fi Ọmọ Rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ. Má wá ohun tí o fẹ́ kó wá fún Un. Wá bí o ṣe rí, pẹ̀lú ojú tó ń tì ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́, gba Jésù gbọ́. Lẹ́yìn náà, tọ ẹni tí o ṣẹ̀ lọ. Má ṣe é lọ́la. Ṣe é lónìí.

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, níbi tó ti ń lọ aṣọ. Ó ní òun ò tètè dárí ji Ìjìnlẹ̀ o. Ó tó oṣù mẹ́fà kí òun tó lè kí i tọkàntọkàn. Ó ní kí n kọ ìyẹn náà sí i, kí n má ṣe bo ibi tí ojú ti tì wọ́n mọ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àánú ti bá wọn.