Wọ́n Ní Omi Gbígbóná Ni

Kí Ọmọ́yẹlé tó kúnlẹ̀ tì í nílẹ̀ ilé ìdáná, ọmọ náà ti kọ́kọ́ kí i. "Ẹ okun o," ló wí, bí ọmọ Kábà tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Kò sunkún.

"Èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi bọ omi gbígbóná," ló tún sọ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì bi í ní nǹkan kan.

Testimony lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún méje ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Iffe, ìlú kan lẹ́bàá Kábà, Àǹtí Rhoda, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ló mú un wá sí Kábà pé òun yóò tọ́ ọ. Àǹtí Rhoda yìí náà ló káwọ́ lérí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pe orúkọ Jésù. Òun ni olórí ẹgbẹ́ akọrin nínú ìjọ wọn. Òun àti ìyá Ọmọ́yẹlé jọ dàgbà ni, òun ló sì bá wọn sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn kí wọ́n tó gba Ọmọ́yẹlé sẹ́nu iṣẹ́ áńbúláǹsì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ọmọ́yẹlé, iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Omi gbígbóná tó bá dà síni lára, ibì kan á bó, ibì kan á yè. Ti Testimony dọ́gba lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó yí ọrùn ẹsẹ̀ ká bí ìbọ̀sẹ̀ iléèwé. Ó wo bàsíà omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ọmọ tó bá ṣèèṣì tẹ omi gbígbóná yóò fò jáde, omi yóò sì ta káàkiri. Ẹnìkan ló di ọmọ yìí mú sínú omi náà.

"Ohun tí o rí lèmi náà rí," Gbádéyan awakọ̀ wí fún un wúyẹ́wúyẹ́ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ṣùgbọ́n Kábà ò tóbi. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Tó bá wá jẹ́ pé ọmọ náà ló ṣe ara rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Kò dá a lójú tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ pé kò di dandan kó dá òun lójú. Bó bá ti fura, kó sọ fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì á pe àwọn wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọdé, àwọn yẹn á lọ wádìí. Ó mọ èyí bí ẹni mowó.

Nílé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Naomi bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àǹtí Rhoda dúró tì í, ó di ọwọ́ Ọmọ́yẹlé mú pinpin.

"Wọ́n ní ó fẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná ni, Mà."

"Wọ́n ní. Ìwọ lo dé ibẹ̀. Kí nìwọ rí?"

Ọmọ́yẹlé wolẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan, Mà."

Ojo kì í wá ibi ìsápamọ́ tì nínú èdè wa. Kéèyàn ṣáà ti sọ pé "wọ́n ní", ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́rùn tirẹ̀ nìyẹn. Testimony tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì gbọ́ ọ, ó yíjú sí ògiri.

Nígbà tí Ọmọ́yẹlé délé, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. "O ṣeun tí o ò sọ ọ́ síta," ìyá rẹ̀ wí. "Èmi fúnra mi á bá Rhoda sọ ọ́." Ó sì lọ lóòótọ́. Àǹtí Rhoda sunkún, wọ́n jọ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó rò ó pé Rhoda yóò máa wá ẹni tó tú òun fó. Ọmọ náà ló mú. Nígbà tí ilé ìwòsàn dá ọmọ náà sílẹ̀ fún un, kò jẹ́ kó lọ sí iléèwé mọ́, kò sì mú un lọ tọ́jú egbò mọ́. Àwọn ará ilé kejì ń gbọ́ ọ tó ń pariwo pé, "Ìwọ lo lọ rojọ́ mi!" Àwọn náà dákẹ́.

Oṣù kejì kò tíì parí tí wọ́n tún fi pe áńbúláǹsì sí ilé yẹn. "Ó ṣubú ni," Rhoda wí. Orí ọmọ náà ti wú. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rùn.

Ọmọ́yẹlé kúnlẹ̀. "Okun o, Testimony. Èmi ni."

Ọmọ náà ò dáhùn. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti kú.

Ọjọ́ yẹn ni Ọmọ́yẹlé wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì Naomi, ilẹ̀ gbígbẹ, egbò tó dọ́gba, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó tún un sọ ní kóòtù. Rhoda wò ó láti inú àpótí ẹlẹ́jọ́. "O rí i nígbà yẹn, o dákẹ́," ló wí. "Ká ní o sọ̀rọ̀ ni, ṣé ọmọ yìí á kú?" Ẹni tó pa ọmọ ló ń béèrè. Ọ̀rẹ́ àárín ìyá Ọmọ́yẹlé àti Rhoda, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dákẹ́, náà ti bàjẹ́ pátápátá.

Ìfura loògùn àgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fura pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé, ẹ sọ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí, kì í ṣe fún ẹni tí ẹ fura sí. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dá yín lójú. Ìgbà tí Testimony kú ló tó dá Ọmọ́yẹlé lójú.

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ áńbúláǹsì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kí i lẹ́nu iṣẹ́ pé "Ẹ okun o", kì í lè dáhùn. Okun ni ọmọ yẹn tọrọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì ní in nígbà tí ọmọ náà nílò rẹ̀.