Àdàbà Bàbá Dollah àti Ìkìlọ̀ Òkun

"Ẹyẹ yìí kì í ṣe tèmi."

Bàbá Dollah ló sọ bẹ́ẹ̀, níwájú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tẹ́ńpìlì ní ìlú Sakom, tí èémí wọn ò tíì délẹ̀. Ìdíje orin àdàbà ni wọ́n ń ṣe létí òkun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àgò ẹyẹ wà lórí òpó gíga, àwọn adájọ́ ń tẹ́tí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́. Lójijì, fóònù gbogbo èèyàn figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan èyí tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀: ÒKUN Ń BỌ̀, Ẹ SÁ LỌ SÓRÍ ÒKÈ. Ta ni yóò dúró ti ẹyẹ? Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Òkun ò sì ṣe bí ẹni mira.

Nígbà tí wọ́n padà dé, àgò Bàbá Dollah wà lórí òpó rẹ̀, àdàbà sì wà nínú rẹ̀. Ojú kan náà, ìyẹ́ kan náà. Àmọ́ bí ẹyẹ náà ṣe kọrin báyìí, bàbá náà di orí mú.

"Ẹ̀rù ló gba ohùn lọ́fun ẹ̀," ni àwọn èèyàn ń wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, tiyín náà ò kúkú já geere mọ́ látàárọ̀!"

Sájẹ́ǹtì Chalong ò ráyè ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ìyá arúgbó kan ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn tẹ́ńpìlì, ó sì kán lẹ́sẹ̀. Ẹni tó fi ìkìlọ̀ èké náà ránṣẹ́ ni sájẹ́ǹtì ń wá, kò sì pẹ́ tó fi ní òun ti rí i. Tíṣà Niphon, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ní eriali mẹ́ta lórí òrùlé, ilé rẹ̀ ò sì jìnnà sí pápá ìdíje. Bàbá Dollah gan-an ló kọ́kọ́ nàka sí i. Ẹni a bá lábà ni baba. Wọ́n tì í mọ́lé. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ yóò gbé e lọ sí Songkhla, olú ìlú ìpínlẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbọọrọ sì ni gbogbo ìlú ti fún un lọ́kàn wọn.

Inspẹ́kítọ̀ Raweewan dé láti Hat Yai. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni, kì í sì í tètè gba ohun tí wọ́n bá sọ gbọ́. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ tíṣà sórí tábìlì. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

"Tíṣà, kí nìyí?"

"Rédíò ni, Mà. Mo máa ń kì í bọ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí wáyà àti bọ́tìnnì ń ṣe nínú rédíò àtijọ́, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Mo fi ń gbọ́ ohun tí àwọn máásìtì fóònù ń sọ."

"Ẹ ń gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń bá ara wọn sọ?"

"Rárá o! Ìyẹn wà lábẹ́ àgádágodo. Máásìtì kọ̀ọ̀kan máa ń pe orúkọ ara rẹ̀ ní gbangba, tọ̀sántòru, kí fóònù lè dá a mọ̀. Ìyẹn nìkan ni mò ń tú."

"Ẹ̀yin lẹ fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́?"

"Etí ni nǹkan yìí, Mà, kì í ṣe ẹnu. Kò lè sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni." Ó sún mọ́ tábìlì. "Mo fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan kọ̀ǹpútà mi wò."

Wọ́n tàn án. Máásìtì mẹ́rin tí wọ́n mọ̀ ní Sakom ló ń pe orúkọ wọn jẹ́jẹ́. Láàárín ìdíje, ìkarùn-ún yọ jáde, ohùn rẹ̀ bo tàwọn yòókù, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ tó pe ara rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dákẹ́.

"Ibo ni ohùn èyí lè dé?"

"Máásìtì èké ni, Mà, irú èyí tí wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀, òun ló fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo èèyàn. Kò lè kọjá afárá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú."

Raweewan ò jiyàn. Ó rán Chalong lọ sí òdìkejì afárá kó lọ bi àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tí sájẹ́ǹtì padà dé, ara rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Fóònù ẹnì kankan ò dún níbẹ̀, Mà. Wọ́n ní ṣé orí mi pé."

Inspẹ́kítọ̀ wá yíjú sí Bàbá Dollah, tó jókòó sí igun yàrá, tó ṣì ń tẹnu mọ́ ọn pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹyẹ òun. "Ta ló ti fẹ́ ra ẹyẹ yín rí?"

"Wirot, oníṣòwò ẹyẹ ní Na Mom. Ó bẹ̀ mí títí ó fi sú mi. Mo ní ẹyẹ mi kì í ṣe títà. Ó ní bó pẹ́ bó yá."

Òdìkejì afárá ni Na Mom wà, ó sì jìnnà sí i dáadáa; Chalong àti Bàbá Dollah bá inspẹ́kítọ̀ lọ. Àgò àdàbà pọ̀ lábẹ́ òrùlé Wirot, bí ẹ ṣe ń wo ọ̀kan lẹ ń wo ìkejì. Ó gbé tíì oníwàrà fún inspẹ́kítọ̀.

"Èmi ò dé Sakom lónìí rárá. Ilé epo tó wà lójúde yìí ni mo wà tí fóònù mi figbe ta. Mo bá ṣẹ́rí padà sílé."

"Fóònù yín dún? Ní Na Mom níbí?"

"Ó dún kẹ̀! Gbogbo ìpínlẹ̀ yìí ló dún."

"Bàbá Dollah ní ẹ mọ̀ nípa ẹyẹ òun."

"Ẹ jẹ́ kó máa pariwo. Àdàbà ò náání à ń kùngbẹ́."

"Èyí tó wà nínú àgò ńkọ́?"

Wirot rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá Wirot," ni Raweewan wí, "kò sí ẹni tí fóònù rẹ̀ dún ní òdìkejì afárá lónìí, àfi ẹ̀yin nìkan. Ẹni tó ta máásìtì èké yẹn fún yín ló ní gbogbo ìpínlẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ. Ó parọ́ fún yín, ẹ̀yin náà wá gbé irọ́ rẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ fi àwọn èèyàn ṣeré kì í pààrọ̀ ẹyẹ. Pápá lẹ fẹ́ kó ṣófo. Ẹ sọ àgò kalẹ̀, ẹ mú ti bàbá, ẹ fi ẹyẹ yẹpẹrẹ rọ́pò rẹ̀, ẹ sì fà á padà sókè. Ẹ rò pé wọ́n á ní ẹ̀rù ló ba ohùn rẹ̀ jẹ́."

Chalong ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà. Àpótí onírin kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú eriali gígùn àti bátìrì ńlá. Wirot jókòó sílẹ̀.

Bàbá Dollah ò dá sí gbogbo èyí. Ó ń rìn lọ lábẹ́ àwọn àgò, ó tẹ orí ba, kò súfèé, kò pe ẹyẹ kankan. Bí ọ̀kan ṣe kọrin lókè, ó ṣàdédé dúró.

"Òun nìyí," ó wí, ó sì nawọ́ sókè.

Nígbà tí wọ́n padà dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti tan ọkọ̀ Songkhla, Tíṣà Niphon sì ti wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́. Inspẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ ló tú u. Bàbá Dollah sún mọ́ ọn pẹ̀lú àgò lọ́wọ́, ojú ń tì í gidigidi.

"Tíṣà, èmi ni mo nàka sí ọ. Dákun, forí jì mí."

Tíṣà ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí irin ti ha.

"Bàbá, iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀yin ń ṣe. À ń tẹ́tí ni. Kí ló dé tí ẹ ò tẹ́tí sí èmi?"

Bàbá Dollah gbé àgò sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó sì bú sẹ́kún.