Ojú Ìwé Tó Ń Gbé Ohùn Mì

Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó gbà mí gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìṣojú mi ni. Mi ò lè sọ pé ìṣetí mi ni, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó wá ìwé náà rí, kó ṣí i sí ojú ìwé kọkànlá, kó jókòó tì í fún ìṣẹ́jú kan péré. Lẹ́yìn náà kó wá bá mi jiyàn.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa to ojú ìwé. Ẹlòmíràn á kọ ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á ya àwòrán, èmi ni mo máa pinnu ibi tí kálukú wọn máa jókòó sí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe é nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, mo gbé kọ̀ǹpútà mi wá sí yàrá ẹ̀yìn nílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mo sì ń gba iṣẹ́ kéékèèké: kàlẹ́ńdà, ìwé ẹ̀kọ́ ọmọdé, àpò ìwé àwọn oníléeṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, Fèrè ni gbogbo ayé ń pè é. Ìsúfèé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìsúfèé tí èèyàn fi ń pe ajá o. Orin ni. Ètè méjèèjì péré ló ní, ṣùgbọ́n bó bá gbé orin, ẹ ó rò pé èèyàn mẹ́ta ló wà nínú yàrá. Àwọn tó fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn jọ, wọn ò lè kún bọ́ọ̀sì méjì. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni wọ́n. Wọ́n máa ń kọ lẹ́tà síra wọn, wọ́n máa ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, bí ẹni pé ogún bàbá wọn ni.

Àìsàn kan wá kọ lu ẹ̀gbọ́n mi. Ó yè é. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wọ́ sí apá òsì, kò sì padà. Bó bá ká ètè jọ, atẹ́gùn lásán ló ń jáde. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó gùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kan ilẹ̀kùn yàrá mi.

"Àbúrò mi, ṣebí ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé?"

"Iṣẹ́ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó yá, jẹ́ ká ṣe tiwa. Ìwé àtìgbàdégbà. Ti orin ìsúfèé nìkan."

"Ta ló máa kà á?"

"Àwa." Ó rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ tún wọ́ sí i. "Bí ẹnu mi ò bá lè sọ ọ́ mọ́, ìwé á sọ ọ́."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A pe ìwé náà ní Ètè. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún. Mo wá lẹ́tà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì mọ́ fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, mo wá èyí tó sanra fún àkọlé. Mo fi àyè funfun tó pọ̀ sílẹ̀ létí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, torí orin tí wọ́n ń fi èémí kọ, ó yẹ kí ìwé rẹ̀ náà ráyè mí. Mi ò tíì gbádùn iṣẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ó ku ojú ìwé kọkànlá. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àwòrán kan wá, ti àtijọ́, etí rẹ̀ ti ká. Obìnrin kan ló jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ká ètè jọ. Ojú rẹ̀ le koko.

"Ta nìyí?"

"Ẹni tó kọ́ mi."

Mi ò gbọ́ ìtàn náà rí. Aránṣọ ni obìnrin yìí, ní àdúgbò tí àwọn òbí wa ń gbé kí wọ́n tó bí mi. Bó ti ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ló ń súfèé. Àwọn aládùúgbò ní obìnrin kì í súfèé. Ó ní òun ń súfèé. Wọ́n ní kó dákẹ́. Ó ṣí fèrèsé. Wọ́n lọ fẹjọ́ sun onílé. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́ fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a fà á títí di ọ̀sán ọjọ́ kan. Gbogbo òpópónà ló ń gbọ́ orin rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Orin náà já. Kò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó já bí òwú. Nígbà tí wọ́n wọlé, ẹ̀rọ ṣì ń yí. Aṣọ tó ń rán ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbi tó gbé ọwọ́ lé. Òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà ní, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lẹ́nu rẹ̀ látàárọ̀. Kò rí ẹni tó jáde.

"Àwọn àgbà àdúgbò ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ wọn mọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ó ti lé lógójì ọdún báyìí. Mi ò dárúkọ wọn rí."

"Ṣé kí n kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Kọ ọ́ gàdàgbà."

Ó kọ orúkọ náà sórí bébà kan fún mi, ó sì jáde. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Mi ò ní sọ ọ́ fún yín níbí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó lọ kà á.

Bí mo ṣe tẹ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ náà tán, fáànù dákẹ́.

Mo gbójú sókè. Fáànù ń yí. Atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lọ́rùn. Kò dún. Mo wo ìta. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú bí ẹ̀mú. Mọ́tò ń kọjá. Ẹnìkan ń lu kápẹ́ẹ̀tì lórí okùn, eruku ń sọ. Kò sí èyí tó dún. Mo fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ọwọ́ dùn mí, tábìlì ò dún. Mo lanu pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀nà ọ̀fun mi gbọ̀n, ohùn ò jáde.

Mo pa ojú ìwé náà dé. Ariwo ayé ya wọlé padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí omi.

Mo rò pé etí mi ni. Mo ṣí ojú ìwé kẹwàá: ariwo wà. Mo ṣí ìkejìlá: ariwo wà. Mo ṣí ìkọkànlá: kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, mo jókòó, mo fara balẹ̀ tẹ́tí sí i. Ìdákẹ́ náà kò ṣófo. Ó dà bí ìdákẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó dá èémí dúró kí á má baà mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Mo lọ mú ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó dúró níwájú kọ̀ǹpútà, ó pẹ́. Nígbà tí mo pa á dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Bó ṣe rí lọ́jọ́ náà nìyẹn," ó ní. "Kì í ṣe orin nìkan ló dákẹ́. Gbogbo nǹkan ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọn ì bá ní ọmọdé ń parọ́."

"Ṣé ká yọ ọ́?"

"Ìwọ lo ń to ìwé. Kí lo rí sí i?"

Mi ò ní parọ́: ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lábẹ́ ẹ̀rù náà tó le ju ẹ̀rù lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń yọ nǹkan kúrò lójú ìwé torí pé ẹnìkan lókè kò fẹ́ ẹ. Wọn kì í sọ ìdí. Wọ́n á kàn ní, yọ ọ́. Mo wo obìnrin inú àwòrán náà.

"Mi ò yọ ọ́," mo ní. "Ohun tó ń gbé ohùn mì yìí, kó lọ wá ẹlòmíràn dẹ́rù bà."

A gbé iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ Atẹ̀wé. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan ni, ariwo ẹ̀rọ ti bà á lóhùn jẹ́. Bó bá kí ọ káàárọ̀, wàá rò pé ìjà ló ń bá ọ jà.

"Ètè!" ó pariwo. "Ṣé ìwé àwọn tó ń kun ètè ni?"

A rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ tóbi tó mọ́tò, bó bá ń ṣiṣẹ́, eyín inú ẹnu á máa gbọ̀n. Bébà àkọ́kọ́ lọ. Èkejì lọ. Nígbà tó kan bébà tí ojú ìwé kọkànlá wà lórí rẹ̀, ariwo náà gé.

Ẹ̀rọ ò dúró o. Ó ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bébà ń wọlé, bébà ń jáde. Ìró kankan ò sí. Mo rí Atẹ̀wé tó ń lanu, tó ń pa á dé bí ẹja. Mo sì rí nǹkan mìíràn. Eruku bébà tó wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi ń ṣí lọ. Ojú fèrèsé wà ní títì. Eruku náà ń là sí méjì, tín-ín-rín, bí ìgbà tí ẹnìkan ká ètè jọ tó ń fẹ́ ẹ láti òkèèrè bọ̀. Ojú ọ̀nà tín-ín-rín náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Atẹ̀wé pa ẹ̀rọ, ó sáré jáde. A bá a níta, ó di ara ògiri mú.

"Ẹ yọ ojú ìwé yẹn. Ẹ fi ìpolówó ọṣẹ sí i. Ẹ ṣáà yọ ọ́."

"Rárá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀mí mi ni mò ń sọ!"

"Ṣé ó ṣe ọ́ ní nǹkan?"

Atẹ̀wé ronú. "Kò tíì ṣe mí ní nǹkan."

"Àwọn kan ló ní kí ìyá inú àwòrán yẹn dákẹ́. Ṣé ìwọ náà fẹ́ wà lára wọn?"

Ọkùnrin náà nu òógùn ojú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wò wá. "Kì í ṣe ọwọ́ mi ló máa tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ máa dúró ti ẹ̀rọ. Èmi á wà lójú fèrèsé níta, màá máa fi ọwọ́ júwe."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó ń ju ọwọ́ níta bí ọlọ́pàá ojú pópó, àwa méjèèjì ń ṣe bó ṣe ń wí. Igba ẹ̀dà. Eruku ń là, ó ń bọ̀, mi ò wò ó. Gbogbo àkókò yẹn ni mò ń sọ̀rọ̀. Mò ń bú ohun náà tìran tìran. Mi ò gbọ́ ara mi, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ó dá mi lójú pé òun náà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán Sátidé la kó ìwé náà jáde, ní gbọ̀ngàn kékeré kan. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló wá. Ẹ̀gbọ́n mi sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò fi bò. Ó ní, "Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, ilẹ̀kùn nìyẹn." Ẹnìkan ò dìde. Mo ti sọ fún yín, olórí kunkun ni wọ́n. Ó ní, "Ó yá, ẹ ṣí i."

Wọ́n ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo rò pé mo ti mọ ìdákẹ́ náà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ mí láyà. Etí mi ń ro mí. Ìyá àgbà kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Àga kan ṣubú, ó balẹ̀ bí ìyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá ká ètè rẹ̀ tó wọ́ jọ. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó ń súfèé. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá àgbà náà sọ ọwọ́ kalẹ̀, òun náà ká ètè jọ. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, gbogbo wọn dìde, wọ́n ń súfèé, omi ń bọ́ lójú wọn, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ara rẹ̀. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, mo ṣe é.

Èémí wa tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró kẹ́yìn. Ó jókòó, ó ń mí gúlegúle.

Ìgbà náà la gbọ́ ọ.

Ìsúfèé kan ṣoṣo. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó mọ́ kedere. Kò ti ẹnu ọ̀nà wá, kò ti fèrèsé wá, kò sì ti inú ìwé wá. A ń wo ẹnu ara wa. Gbogbo ẹnu ló wà ní pípadé. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó yí wa ká. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ìwé já bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, ó padé, àwọn yòókù pa tiwọn dé tẹ̀ lé e, ariwo òde sì ya wọlé bo orin náà. A ò mọ̀ bóyá orin náà parí. A ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń lọ lábẹ́ ariwo.

Lójú ọ̀nà ilé, mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ṣé ìyá inú àwòrán yẹn ni?"

Ó mi orí.

"Mi ò gbọ́ orin yẹn lẹ́nu wọn rí. Wọn kì í sì í súfèé báyẹn. Kò sí ibi tó ti mí, àbúrò mi. O ò ṣàkíyèsí? Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò mí."

Láti ọjọ́ náà ni lẹ́tà ti ń wọlé. Àwọn kan ní ká kó ìwé náà padà. Àwọn kan ní àwọn ti fa ojú ìwé náà ya, wọ́n sì ti dáná sun ún. A dá gbogbo wọn lóhùn pé a ò ní kó o padà. Atẹ̀wé pàápàá ti ní bá a bá fẹ́ igba mìíràn, òun wà níbẹ̀, lójú fèrèsé.

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ náà kò dúró de ìwé mọ́. Mo lè máa sọdá títì lọ́sàn-án, kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lójijì, kí n mọ̀ pé nǹkan kan dúró níwájú mi, ó ń retí kí n sá.

"Ó wá lónìí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí lánàá.

"Ó wá. Lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́."

"O sá?"

"Mo rìn lọ bá a."

Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ síwájú nínú ìdákẹ́ náà, mo gbọ́ ìró bàtà mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."