Ìwé Tí Ìyá Mùíz Fi Pamọ́

Ọjọ́ Túsìdeè ni, láìjà láìta. Rùkáyátù jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ó ń to ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jọ. Mùíz, ọmọ ẹ̀, ń bá a tò ó. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Mùíz o, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, bí ọmọ ọdún méje ni. Kì í ṣe wèrè, kì í na ẹnikẹ́ni. Òye ẹ̀ ni kò bá a dàgbà.

Ohun tí Rùkáyátù fi kọ́ ọ láti kékeré ni pé tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, kó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Àwọn èèyàn á ní, "Ìyá yìí tọ́mọ." Orí ẹ̀ á wú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkùnrin kan ní kí Mùíz bá òun ru àpò kan dé ibùdókọ̀ Ladi-Lak. Mùíz ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Pléètì ló wà nínú ẹ̀, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, wọ́n jí i ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Nígbà tí ọlọ́pàá dá wọn dúró ní Bàrígà, ọkùnrin yẹn fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mùíz dúró tàpò-tàpò.

Ní tẹ́ṣàn, wọ́n bi í, "Ṣé ìwọ lo jí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ó ti pẹ́ tó o ti ń jí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó tẹ àtàǹpàkò sí i.

Nígbà tí Rùkáyátù débẹ̀, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Samson pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Màmá, ṣé nǹkan kan ń ṣe ọmọ yín ni? Ẹ tètè sọ o, kí n lè kọ ọ́ mọ́ ọn."

Rùkáyátù mọ èsì. Láti ìgbà tí Mùíz ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ni dókítà ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òye ẹ̀ ò ní bá ti ẹgbẹ́ ẹ̀ dọ́gba. Ìwé yẹn wà nísàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ. Àmọ́ Munirat, ọmọ ẹ̀ obìnrin, ti fẹ́ relé ọkọ, ará ilé Ọmọ́wálé, ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀, ń bọ̀ wá tọrọ ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí ìdílé kí wọ́n tó gbéyàwó. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn?

"Ara ẹ̀ dá ṣáṣá," ló sọ. "Ìtìjú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Wọ́n dé kóòtù. Adájọ́ obìnrin ni. Ó bi Mùíz bóyá ó jẹ̀bi. "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. "Mùíz, ṣé èmi ni bàbá ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní káwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n wá jábọ̀ pé ẹjọ́ ò lè yé e, kò sì lè wí tẹnu ẹ̀. Ni adájọ́ bá ní kó lọ wà ní ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ títí ẹjọ́ á fi lè yé e.

Rùkáyátù dúpẹ́. Ọsibítù sáà dáa ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ó ní kí Munirat sọ fáwọn àna pé Mùíz lọ kí àwọn ẹbí ní Ìsẹ́yìn. Oṣù kan, oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́jọ. Tó bá lọ wò ó, ọmọ ti rù, á ti di ẹrù ẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, á ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ní ọsibítù yẹn ni Rùkáyátù ti pàdé Oyinkọ́lá, lóyà tí kì í gbowó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù.

"Mà, ọjọ́ wo lẹ rò pé ó máa jáde?"

"Ọjọ́ tára ẹ̀ bá yá."

"Mà, kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ dàrú lè lo oògùn kó bọ̀ sípò. Ti Mùíz, bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn, kò sóògùn ẹ̀. Wọ́n sì ní kó dúró títí ẹjọ́ á fi yé e. Tí ò bá yé e láyé ńkọ́?"

Rùkáyátù fẹ̀yìn ti ògiri.

"A lè padà sí kóòtù," ni Oyinkọ́lá wí, "ṣùgbọ́n wọ́n máa bèèrè ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀. Ẹ níwèé kankan?"

"Mo ní."

Kó tó gbé ìwé náà jáde, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá ìyá Ọmọ́wálé ní Ọbáníkòró. Ó ní kóun fẹnu ara òun sọ ọ́, bí wọ́n bá máa kọ Munirat, kí wọ́n kọ ọ́. Ìyá yẹn gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Mùíz, ta ni ò mọ̀ ní Ṣómólú? A ti mọ̀ ká tó wá tọrọ ọmọ. Ẹ ní ó lọ Ìsẹ́yìn, a kàn ń wò yín ni. Àṣé adájọ́ tó yẹ kó mọ̀ nìkan lẹ fi í pamọ́ fún."

Rùkáyátù sunkún dénú kẹ̀kẹ́.

Wọ́n ka ìwé náà ní kóòtù, dókítà ọsibítù náà jẹ́rìí pé kò sóògùn tó lè mú kí ẹjọ́ yé e. Adájọ́ ní kí Mùíz máa bá ìyá ẹ̀ lọ, kí wọ́n máa mú un wá fojú hàn lóṣooṣù. Oṣù mọ́kànlá ló lò ní ọsibítù. Títí dòní, kì í jẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ bíi Mùíz nílé, kì í ṣe ìtìjú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ gbàwé, ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ pamọ́ síbi tọ́wọ́ ti lè tètè tó o. Ẹ kọ́ ọ láti sọ pé "mi ò mọ̀" àti pé "ẹ pe màámi." Tí ọlọ́pàá bá mú un, ẹ sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tọwọ́ bọ̀wé kankan láìsí ẹbí àti lóyà ńbẹ̀. Tí kóòtù bá sì ní kó lọ sí ọsibítù, ẹ bèèrè: títí dìgbà wo, ọjọ́ wo la tún máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba èsì.